Ta Ló Ni Optimus Prime?

Bí àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rọ́bọ́ọ̀tì ìṣeré bá péjọ, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ yọjú: nínú gbogbo wọn, èwo ni olórí? Wọn kì í béèrè èyí tó wọ́n jù, tàbí èyí tó lágbára jù nínú ìtàn. Èyí tí a lè fi ṣe ojú fún gbogbo ìyókù ni wọ́n ń wá, èyí tó jẹ́ pé bí a bá ya òjìji rẹ̀ nìkan sára ògiri, ẹni tó ń kọjá lọ yóò dárúkọ rẹ̀. Ẹnì kan yóò ní Optimus Prime ni. Òmíràn yóò ní Bumblebee. Ẹni tó ṣe ọmọdé ní Faransé ní nǹkan bí ọdún 1978 yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kò sí èyí tó tó Goldorak. Ará Japan yóò bi wọ́n léèrè bóyá wọn kò gbọ́ nípa Mazinger Z àti Gundam rí ni. Ìyàn náà lè gba ọjọ́ kan gbáko, kì í sì í parí.

Eré ọmọdé ni, àwọn kan yóò wí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń jiyàn náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń hu ewú, wọ́n sì ń fi owó iṣẹ́ wọn ra ohun tí òbí wọn kò lè rà fún wọn nígbà náà. Nígbà tí àgbàlagbà bá ń jà lórí ohun kékeré, ó yẹ kí a wo ẹ̀yìn ohun kékeré náà. Lójú tiwa, ìbéèrè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé: ohun tí oníṣòwò ṣe láti tà fún ọmọdé, ǹjẹ́ ìfẹ́ tí ọmọ náà ní sí i lè jẹ́ ìfẹ́ òtítọ́? Bí ó bá sì jẹ́ òtítọ́, ta ló ni ohun tí a fẹ́ràn náà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ìwé ìròyìn wa ń lo èdè méjì, èyí sì ṣe wá láǹfààní níhìn-ín, nítorí pé èdè méjèèjì kò sọ ohun kan náà. Faransé ń pe irú ohun bẹ́ẹ̀ ní icône. Inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, àwòrán ni ó túmọ̀ sí. Nínú ìjọ àwọn Kristẹni Ìlà-Oòrùn, àwòrán mímọ́ ni, tí onígbàgbọ́ ń tẹríba níwájú rẹ̀. Iyì wà lára àwòrán náà nítorí ẹni tí ó dúró fún. Yorùbá ní gbajúmọ̀. Ẹ fetí sí i dáadáa: igba ojú ló mọ̀ ọ́n. Nínú gbajúmọ̀, ojú àwọn tí ń wò ni iyì wà. Bí igba ojú náà bá yí sí ibòmíràn, gbajúmọ̀ ti tán. Àárín ọ̀rọ̀ méjì yìí ni àwọn olólùfẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì ti ń jiyàn, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀.

Ìtàn Goldorak fẹ́rẹ̀ẹ́ dá Yorùbá láre pátápátá. Ilé iṣẹ́ Toei ní Japan ló ṣe é ní ọdún 1975, láti inú iṣẹ́ ayàwòrán Go Nagai. Ní ilé rẹ̀ gan-an, àbúrò ni. Mazinger Z, tí Nagai kan náà dá sílẹ̀ ní ọdún 1972, ni ẹ̀gbọ́n, òun ló sì sọ ọ́ di àṣà pé kí ènìyàn jókòó sínú orí rọ́bọ́ọ̀tì ńlá, kí ó máa wà á bí ẹni ń wa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1978, Antenne 2 gbé àbúrò yìí jáde fún àwọn ọmọ Faransé, lábẹ́ orúkọ tí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní Japan. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1979, Paris Match ti gbé e sí èèpo iwájú, ó ní wèrè Goldorak ti mú àwọn ọmọ. Ní ilẹ̀ Lárúbáwá, Grendizer ni wọ́n ń pè é, àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà sì mọ orin rẹ̀ lórí títí di òní. Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Ènìyàn díẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Rọ́bọ́ọ̀tì kan náà ni, ìwo kan náà ló wà lórí rẹ̀. Ojú tó rí i ló yàtọ̀.

Ẹni tó bá dúró síbí yóò sọ pé ìyàn ti parí: ẹni tí tẹlifíṣọ̀n bá kọ́kọ́ gbé wá síwájú ọmọ ni ọba ọmọ náà. A gbà pé òtítọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ohun tí a ń pè ní Optimus Prime lónìí ti wà kí Optimus Prime tó wà. Ilé iṣẹ́ Takara ní Japan ń ta ọkọ̀ akẹ́rù pupa kan tó ń yí padà di rọ́bọ́ọ̀tì, nínú ọ̀wọ́ ohun ìṣeré tí wọ́n ń pè ní Diaclone. Ẹ̀rọ lásán ni. Awakọ̀ kékeré kan, tí ìka ọwọ́ lè bò mọ́lẹ̀, ló ń wà á. Kò ní ọkàn, kò ní ọ̀tá tirẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Nígbà tí Hasbro ti Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ láti máa tà á, wọ́n lọ bá Marvel, àwọn tí ń tẹ ìtàn aláwòrán, pé kí wọ́n bá àwọn wá ìtàn sí i. Dennis O'Neil ni a gbà pé ó sọ ọkọ̀ pupa náà ní Optimus Prime. Bob Budiansky sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù lórúkọ, ó sì kọ ìwà ẹnì kọ̀ọ̀kan: èyí jẹ́ ojo, èyí jẹ́ agbéraga, èyí ń wá ipò ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn páálí kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ ṣókí nípa ẹni tó wà nínú rẹ̀, gbólóhùn tí ó fi ń yangàn, àti òṣùwọ̀n agbára àti ọgbọ́n rẹ̀, láti 1 dé 10. Ọmọ Yorùbá tó bá kà á yóò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Oríkì ni wọ́n ń kọ.

Ike kan náà ni, láti inú ẹ̀rọ kan náà. Orúkọ àti oríkì ló sọ ọ́ di ẹni. Ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu, a máa ń rí rọ́bọ́ọ̀tì oníke tí kò ní orúkọ kankan lára, tí ọmọ tí wọ́n rà á fún yóò sì sọ lórúkọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. (Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ agbábọ́ọ̀lù ni.)

A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1984 kan náà ni àjọ tí ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà mú òté kúrò lórí iye ìṣẹ́jú tí a lè fi polówó ọjà. Ní oṣù Kẹsàn-án, eré Transformers bẹ̀rẹ̀. Ìpolówó ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ohun ìṣeré tuntun bá dé ilé ìtajà, ẹni tuntun á dé inú eré. Bí èyí tó ti pẹ́ bá kúrò lórí pẹpẹ, kò ní pẹ́ kúrò nínú eré pẹ̀lú.

Báyìí ni fíìmù oṣù Kẹjọ ọdún 1986 ṣe wáyé. Ohun ìṣeré ọdún 1984 ti gbó lójú oníṣòwò, ó sì ń fẹ́ àyè fún tuntun. Nítorí náà, wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn àtijọ́ lójú agbo. Wọ́n pa Optimus Prime pẹ̀lú, wọ́n sì fi ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Hot Rod rọ́pò rẹ̀. Lójú ẹni tí ń ka ọjà, wọ́n kó ẹrù kan kúrò, wọ́n gbé òmíràn síbẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n nínú ilé sinimá, àwọn ọmọ sunkún. Lẹ́tà ìbínú dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é. Flint Dille, tó wà lára àwọn tó ṣètò ìtàn náà, ti sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé àwọn kò mọ bí Optimus ti tóbi tó lọ́kàn àwọn ọmọ. Fíìmù mìíràn sì wà lọ́wọ́ Hasbro, ti àwọn ọmọ ogun G.I. Joe, nínú èyí tí aṣáájú wọn, Duke, yóò kú. Wọ́n sáré fi ọ̀rọ̀ kún un pé ó dákú ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1987, wọ́n jí Optimus dìde lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí. Nínú fíìmù kan náà, wọ́n pa Ironhide, wọ́n pa Prowl, wọ́n pa Ratchet. Igba ojú mọ àwọn náà. Wọ́n ti wà nínú eré láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹkún tí a sun fún wọn kò mi ilé iṣẹ́ kankan. Bí mímọ̀ nìkan bá tó, kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Peter Cullen, ọmọ Montréal, ló fún Optimus ní ohùn. Ó ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé ohùn arákùnrin òun, Larry, tó jagun ní Vietnam, ni òun mú lò. Larry ló gbà á nímọ̀ràn pé akọni tòótọ́ kì í jágbe, pé kí ó lágbára débi tí ó fi lè ṣe jẹ́jẹ́. Ohun tí àwọn ọmọ gbọ́ nìyẹn, àti àwọn tí bàbá wọn kì í sí nílé. Ìwà ni wọ́n sunkún lé lórí.

Ẹnì kan yóò dá wa dúró pé ìwà náà, wọ́n kọ ọ́ láti fi ta ọjà ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Alákàrà kò dáná ní ìdájí nítorí ìfẹ́ tó ní sí wa. Owó ló ń wá, síbẹ̀ àkàrà rẹ̀ ń yó ni. Ohun tí a fi ṣe òwò lè bọ́ ọmọ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n alákàrà kò lè padà wá ní ọ̀sán láti gba èyí tó ti wọ ikùn, ohun tí Hasbro sì gbìyànjú láti ṣe ní ọdún 1986 nìyẹn. Wọ́n ni ike, wọ́n ni orúkọ lábẹ́ òfin, wọ́n ni ẹ̀tọ́ láti pa á. Ọ̀fọ̀ náà kò sí nínú ìwé àdéhùn kankan. Nítorí èyí, bí wọ́n bá ní kí a dìbò, Optimus ni a ó dìbò fún, nítorí ikú rẹ̀ ju nítorí ìṣẹ́gun rẹ̀ lọ.

Ti Bumblebee kò wọ̀ wá lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1984, ọkọ̀ Volkswagen kékeré ni, ó wà lára àwọn tó pọ́ọ́kú jù lọ. Nínú fíìmù ọdún 2007, ó di Chevrolet Camaro. Àwọ̀ yẹ́lò àti ìbádọ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ènìyàn nìkan ló kù lára rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn náà tó, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì lè dá wa lóhùn.

Ìdìbò kan wà tí a kò lè fojú fò. Ní ọdún 2010, Hasbro ṣí ìwé ọlá kan fún àwọn Transformers. Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ yan mẹ́rin: Optimus Prime, Megatron, Starscream àti Bumblebee. Wọ́n ní kí àwọn olólùfẹ́ yan ẹnì karùn-ún. Dinobot ni wọ́n yàn, ẹni tí kò sí nínú eré ọdún 1984 rárá; inú Beast Wars, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996, ló ti wá. Ọ̀tá ni nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ó fi àwọn tirẹ̀ sílẹ̀, ó tún ṣiyèméjì, ó dalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọwọ́ òun ni ọ̀nà òun wà tàbí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun. Níkẹyìn, òun nìkan ló dúró láàárín àwọn apànìyàn àti àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ ayé, ó sì kú síbẹ̀. Bí a bá fi igba ojú wọ̀n ọ́n, Dinobot kò lè sún mọ́ Bumblebee. Àwọn tó dìbò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Goldorak náà kò tíì sinmi. Ní ọdún 2021, ìwé aláwòrán tuntun kan nípa rẹ̀ jáde ní Faransé láti ọwọ́ ilé ìtẹ̀wé Kana. Faransé ni àwọn tó ṣe é, Xavier Dorison, Denis Bajram àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ìran tó dàgbà pẹ̀lú òkìkí Goldorak. Kí wọ́n tó lè tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ Go Nagai. Ó fún wọn.