Dá A Padà Sẹ́yìn Díẹ̀

Kíkà: Gálátíà 6:1, 2 Sámúẹ́lì 12:1–14

Iṣẹ́ kan wà tí ara àwọn mẹkáníìkì Amẹ́ríkà kì í yá sí: yíyọ plọ́ọ̀gì píkọ́ọ̀pù Ford F-150 tó jáde láàárín ọdún 2004 sí 2008, èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì Triton onílítà 5.4. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pípààrọ̀ plọ́ọ̀gì kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Nínú èyí, ó lè sọ ọ̀gá di aláàdúrà.

Ègé méjì tí wọ́n so pọ̀ ni plọ́ọ̀gì rẹ̀. Apá òkè ló ní tírẹ́ẹ̀dì, òun ni sípánà ń dì mú. Apá ìsàlẹ̀ jẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tó wọnú tọ́ọ̀pù sílíńdà lọ títí dé ibi tí epo ti ń jó. Àlàfo tóóró ló yí ọ̀pá náà ká, inú àlàfo yẹn sì ni kábọ́nù, èérí dúdú líle tí epo tó jó ń fi sílẹ̀, ti ń gbá jọ díẹ̀díẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ní ó di máìlì 100,000 kí wọ́n tó pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, nítorí náà ọdún pípẹ́ lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mọ́tò ń lọ geere. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi sípánà sí i ni àṣírí máa tú: apá òkè á yí, apá ìsàlẹ̀ á ní òun ò lọ síbì kankan. Wọ́n á gbọ́ kọ́, ọ̀pá á sì kù sínú ihò, nígbà mìíràn tòun ti tánganran àárín rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ débi tí Ford fi kọ ìlànà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, tó sì tún un kọ títí di ọdún 2008. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Má ṣe lo ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ yí nọ́ọ̀tì. Tú plọ́ọ̀gì náà díẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́jọ yíyípo kan, kí o sì dáwọ́ dúró. Da oògùn tí wọ́n fi ń fọ kabúrétọ̀ sí ìdí rẹ̀, díẹ̀ báyìí, kò ju ṣíbí ìmutíì kan. Fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí oògùn lè rin wọnú kábọ́nù. Lẹ́yìn náà, dì í padà. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí o ń wá bí yóò ṣe tú, dì í padà. Kí o wá tún un tú, kí o tún un dì, kí o máa lọ kí o máa bọ̀ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Dídì padà yẹn ni mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Lójú ẹni tó ń kánjú, iṣẹ́ ti dojú rú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdá mẹ́jọ yíyípo tí a dá padà ló ń fọ́ kábọ́nù wẹ́wẹ́ láìfọ́ plọ́ọ̀gì.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí àwọn ìjọ Gálátíà nípa ẹni tí àṣìṣe kan bá ká mọ́, ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ló ní kí wọ́n fi tún un ṣe, ó sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń tún un ṣe pé kó ṣọ́ ara rẹ̀. Apá kejì yìí la máa ń fò. Àwa tí a fẹ́ bá arákùnrin wí, inú wa ṣì ń hó, a ti ki sípánà bọ̀ ọ́.

Yorùbá ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ a ti sọ òwe yìí di ibi ìsápamọ́sí. Akápò ẹgbẹ́ kò ṣe ìṣirò owó láti èṣí, gbogbo wa mọ̀, a ní ká rọra. Ọdún yípo, a ṣì ń rọra. Ojo nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀sọ̀. Plọ́ọ̀gì tí a fi sílẹ̀ kì í tú fúnra rẹ̀, kábọ́nù ìdí rẹ̀ ni yóò máa nípọn sí i. Ìlànà tí mo ń sọ yìí, bó ṣe ní sùúrù tó, kò síbi tó ti ní kí a ti bọ́nẹ́ẹ̀tì kí a máa lọ.

Wòlíì Nátánì mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Kí ó tó wọ ààfin, ọmọ tí Bátíṣébà lóyún fún Dáfídì ti dé ayé. Oṣù mélòó kan ni ọba ti fi gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, tí ìlú ń lọ geere. Nátánì kò bẹ̀rẹ̀ láti orí Ùríà, ọkọ Bátíṣébà tí ọba mú kí wọ́n pa. Ó sọ ìtàn tálákà kan àti abo ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo tó ní, ó sì jẹ́ kí ìtàn náà wọ ọba lára títí tí ọba fúnra rẹ̀ fi dájọ́. Ìgbà yẹn ló tó nàka sí i. Ẹ kíyè sí i pé kò dín ọ̀rọ̀ náà kù: ó dárúkọ Ùríà, ó dárúkọ idà, ó sọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ nìkan ló rọ̀.

Ọ̀rọ̀ dídùn náà sì ní ìwọ̀n. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń kìlọ̀ pé kí oògùn má kún inú sílíńdà, torí omi kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá ta ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, irin inú ẹ́ńjìnnì lè wọ́. Mo ti rí àwọn tí a fi ìyìn àti ìkẹ́ bò mọ́lẹ̀ títí tí wọn kò fi mọ̀ pé a ní ohun kan í sọ.

Èyí tó ti kán wá ńkọ́? Bóyá ẹnìkan ti fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí ọ̀dọ́mọbìnrin kan lójú gbogbo ìjọ, kò sì padà wá mọ́. Irinṣẹ́ wà fún ọ̀pá tó kù sínú ihò: wọ́n á kọ́kọ́ ti tánganran wọlé díẹ̀, wọ́n á wé irin kan wọnú ọ̀pá náà, wọ́n á wá máa fà á bọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ń gba àkókò, owó rẹ̀ sì ju ti plọ́ọ̀gì lọ fíìfíì. Ẹni tó kán an ló yẹ kó san án.

Àdúrà: Olúwa, o mọ ẹni tí mo fẹ́ pè lórí fóònù lálẹ́ òní. Kọ́kọ́ mú inú mi rọ̀. Bí kò bá gbé e, fún mi ní oore-ọ̀fẹ́ láti tún pè lọ́la. Àmín.