Ǹjẹ́ Ẹni tí ó Sọ pé Òjò Lè Rọ̀ Purọ́ Bí Òjò Kò Bá Rọ̀?

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí jọ ìbéèrè ọmọdé, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oníròyìn bá kéde lálẹ́ pé òjò lè rọ̀ lọ́la, tí ilẹ̀ mọ́, tí ó tún ṣú, tí ẹ̀kán omi kan kò bọ́ sílẹ̀, ǹjẹ́ a lè sọ pé onítọ̀hún purọ́? Bí a bá ní kò purọ́, kí ni a ó pe ohun tí ó sọ?

Libreville, olú-ìlú Gabon, yẹ ní ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ irú àríyànjiyàn yìí, nítorí pé níbẹ̀ ni ojú ọ̀run ti ń tan Yorùbá jẹ. Ìlú náà kò jìnnà sí ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Òjò tí ó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 mìlímítà. Síbẹ̀, láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹsàn-án, òjò a dáwọ́ dúró. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí gan-an ni ojú ọ̀run máa ń ṣókùnkùn jù. Omi òkun etí ibẹ̀ a tutù lásìkò náà, ìkùukùu tí kò ga a sì tẹ́ bí aṣọ láti orí òkun wọ orí ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò nípọn tó èyí tí í rọ òjò. Oòrùn kò ní ráyè ràn, ara a tutù, ilẹ̀ a sì gbẹ. Àwọn onímọ̀ nípa igbó tilẹ̀ sọ pé ìbòòji yìí wà lára ohun tí ó ń jẹ́ kí igbó kìjikìji Gabon lè fara da oṣù mẹ́ta láìsí òjò.

Ẹ wá wo ọmọ Yorùbá tí ó ti Ìbàdàn tàbí Kétu wá ṣòwò níbẹ̀. Ó gbójú sókè ní oṣù keje, ó ní, “Òjò ti ṣú.” Èdè wa ní ọwọ́ nínú àṣìwí yìí. Nínú gbólóhùn náà, a kò sọ pé ọ̀run ni ó ṣú, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé ìkùukùu ni. Òjò fúnra rẹ̀ ni a fi ṣe olùwà, kí òjò ọ̀hún tó dé. Gírámà ti ṣe àsọtẹ́lẹ̀ kí onísọ̀rọ̀ tó ronú. Ilẹ̀ tí òjò ti máa ń tẹ̀ lé òkùnkùn ọ̀run ni ó kọ́ wa ní gbólóhùn yẹn. Bí a bá gbé e dé Libreville ní oṣù keje, gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù, àmọ́ òtítọ́ ti kúrò nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ̀ pé òjò tí ó ṣú lè má rọ̀. Wọ́n kúkú kìlọ̀ pé kí a má torí òjò tí ó ṣú da omi inú ìkòkò nù. Ohun tí wọ́n mọ̀ nínú òwe ni gírámà kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó dá wàhálà yìí sílẹ̀ jù, òun ni àsọtẹ́lẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ ni a ń pe ohun tí wòlíì rí, àsọtẹ́lẹ̀ náà ni a ń pe ohun tí onímọ̀ ojú ọjọ́ fi ẹ̀rọ ṣírò. Bí ti wòlíì kò bá ṣẹ, wòlíì èké ni. Òṣùwọ̀n kan náà ni a sì ń gbé lé onímọ̀ ojú ọjọ́ lórí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1963, Edward Lorenz fi hàn pé àṣìṣe bín-ín-tín nínú ohun tí a wọ̀n lónìí lè di gọbọi láìpẹ́ ọjọ́, bí ìṣírò wa tilẹ̀ péye. Ní nǹkan bí 1966, àwọn ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi iye nínú ọgọ́rùn-ún kéde òjò káàkiri orílẹ̀-èdè wọn. Ẹni tí ó ní 30 nínú 100 kò sọ pé yóò rọ̀, kò sì sọ pé kò ní í rọ̀. Ohun tí ó sọ ni pé bí a bá kó ọjọ́ mẹ́wàá irú èyí jọ, òjò yóò rọ̀ nínú mẹ́ta. Ọjọ́ kan ṣoṣo kò lè jẹ́rìí gbè é tàbí takò ó. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀.

Babaláwo, ní tèmi, sún mọ́ onímọ̀ yìí ju wòlíì lọ. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni í mú babaláwo dífá ọrọọrún. Òwe yìí gbà pé ọ̀rọ̀ nípa ọ̀la ní ọjọ́ tí í bà jẹ́, ó sì yẹ kí a tún un dá.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀ràn ìwà ni ẹnu alágbàtà. Lópin ọ̀sẹ̀, àwọn ará Libreville a máa wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ẹnu odò lọ gbafẹ́ ní etíkun Pointe-Denis. Ká ní ìkéde sọ pé ìjì lè jà nírọ̀lẹ́, tí ọlọ́kọ̀ sì sọ fún èrò pé, “Kò séwu.” Ìjì kò jà, èrò dé láyọ̀, wọ́n sì ń yìn ín. Èmi sọ pé ọlọ́kọ̀ yìí purọ́. Ó sọ pé òun mọ ohun tí òun kò mọ̀, ìrọ̀rùn òkun kò sì lè sọ irọ́ di òtítọ́. Onímọ̀ tí ó sọ pé ìjì lè jà, tí ìjì kò jà, ni ó sọ òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ojúṣe onímọ̀ parí síbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á lọ sí ìlú òtútù. Lórí àwọn òkè ńlá Yúróòpù, àwọn kan a máa fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sẹ́sẹ̀ yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí òjò dídì. Òjò dídì náà a máa já nígbà mìíràn, a sì bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Láti 1993 ni àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀ ti ń fi òǹkà kan náà kéde ewu yìí, láti 1 dé 5. Òǹkà 3 wà láàárín, nítorí náà ọ̀pọ̀ gbọ́ ọ bí ẹni pé ewu náà mọ níwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí òjò dídì ń pa, ọjọ́ tí òǹkà jẹ́ 3 ni wọ́n ń kú. Òtítọ́ ni òǹkà náà. Ẹni tí ó kéde rẹ̀ tí ó mọ bí a ó ti gbọ́ ọ, tí kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kò purọ́, àmọ́ n kò lè sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Àwa olùkọ́ èdè ni èyí kàn. Lọ́dọọdún ni NiMet ní Nàìjíríà ń sọ ìgbà tí ó ṣeé ṣe kí òjò bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ó yá owó ra irúgbìn àgbàdo kò ka ìwé náà. Ìtumọ̀ tí ó gbọ́ lórí rédíò ni ó gbin àgbàdo sí. Bí atúmọ̀ bá sọ lè di yóò, gbèsè ń bẹ lọ́rùn ẹlòmíràn. Mo ti gbọ́ ọ tí àwọn oníròyìn kan ń sọ pé “à ń retí òjò.” Mo fara mọ́ ọn ju àsọtẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí ń retí ni ó fi ṣe olùwà, ó sì fi òjò sílẹ̀ síbi tí ó wà.