Ìfẹ́ àti Ìfàsẹ́yìn nínú Ìtọ́jú Aláìsàn Jẹjẹrẹ ní Etíkun Ìlàjẹ
Ìbéèrè kan tí ó tọ́ sí àwọn onígbàgbọ́ etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni pé, bí ikọ́ tàbí ibà bá mú ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn jẹjẹrẹ, ǹjẹ́ fífà sẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ bí? Kẹmotẹ́rápì, ìyẹn àwọn oògùn líle tí a fi ń pa jẹjẹrẹ, máa ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tí ń bá àrùn jà kù, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀fìnkìn lásán lára olùtọ́jú lè fi ẹ̀mí aláìsàn sínú ewu.

Ní Ayétòrò, ìlú etíkun Ìlàjẹ tí ìjọ àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ohun ìní jẹ́ ti àjùmọ̀ní ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí oúnjẹ àti owó bá sì lè jẹ́ ti gbogbo ará, ìtọ́jú pẹ̀lú kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹrù ẹnì kan ṣoṣo. Olùtọ́jú tí ara rẹ̀ kò yá, tí ó fi iṣẹ́ lé ẹni tí ara rẹ̀ le lọ́wọ́, tàbí tí ó bo imú àti ẹnu, tí ó sì ń fọ ọwọ́ bí kò bá sí arọ́pò, kò kọ ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ire ẹni tí a fẹ́ràn ni òdiwọ̀n ìfẹ́.

Nítorí náà, kí ẹbí àti ìjọ yan olùtọ́jú kejì ṣáájú, kí wọ́n sì tọ́jú owó ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀, nítorí bí ìgbóná ara aláìsàn bá dé 38°C, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́gán, kí àdúrà sì máa bá wọn lọ.