Ẹni Tó Ṣẹ Ọmọ Rẹ̀, Ṣé Ó Lè Pe Ẹjọ́ Kò-Tẹ́-Mi-Lọ́rùn?

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Allāhu, Olùdájọ́ tí kì í ṣàbòsí. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Muhammad.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú Islām, wọ́n bi wá léèrè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá pé: bí ilé-ẹjọ́ bá dá òbí lẹ́bi pé ó fi oògùn olóró kó ọmọ rẹ̀ sínú ewu, ṣé ó tọ́ kí ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn? Ẹni tó béèrè gbà pé ẹni tó ronú pìwà dà ní tòótọ́ yóò dákẹ́, yóò sì gba ìyà rẹ̀.

A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin kan lọ́dún 2006 láti dáàbò bo ọmọdé tó ń gbé níbi tí wọ́n ti ń se oògùn olóró. Nígbà tó yá, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ń fi òfin náà mú aboyún tó lo oògùn. Méjì nínú àwọn ìyá tí wọ́n dá lẹ́bi gbé ẹjọ́ wọn dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà: ṣé ọlẹ̀ inú wà lára ẹni tí òfin pè ní ọmọ? Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ dáhùn pé ó wà níbẹ̀. Ìdálẹ́bi wọn dúró. Síbẹ̀, ẹni tó béèrè ìtumọ̀ òfin kò tíì sọ pé òun kò dẹ́ṣẹ̀.

Ẹ rántí obìnrin méjì tó ń du ọmọ kan, lẹ́yìn tí ìkookò gbé ọmọ kejì lọ. Ànábì Dāwūd dá ẹjọ́ fún èyí ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n ti ń lọ, wọ́n ro ẹjọ́ náà fún Ànábì Sulaymān. Ó ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ wá kí òun pín ọmọ náà sí méjì. Èyí àbúrò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kúkú fún ìkejì òun. Báyìí ni ọmọ ṣe padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ànábì Ọlọ́run ló kọ́kọ́ dá ẹjọ́ yẹn o, kì í ṣe adájọ́ ìgbà tiwa!

Ṣùgbọ́n kí òbí má fi irọ́ pe ẹjọ́. Bí ó bá sì borí, gbèsè ọmọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀: adájọ́ lè fagi lé ìdálẹ́bi, kò lè gbá oògùn kúrò nínú ilé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí a dá owó agbẹjọ́rò fún òun, a ó dá a. Ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ bi í pé, ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ náà yóò sùn lálẹ́ òní?