Ohun Tó Sọ Ilẹ̀ Di Pápá

Bí wọ́n bá ti pápá gọ́ọ̀fù kan, tí wọ́n wá fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe pápá disc golf, ṣé pápá àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀ ni àbí òmíràn ló dé? Ní Amẹ́ríkà, níbi tí pápá gọ́ọ̀fù tí wọ́n ń tì láti ọdún 2006 ti ju èyí tí wọ́n ń ṣí lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbéèrè yìí kì í ṣe àlọ́. Disc golf kò béèrè omi púpọ̀ tàbí koríko tí wọ́n ń tọ́jú. Àwo oníke pẹlẹbẹ ni eléré ń jù títí yóò fi bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ irin tí wọ́n so ẹ̀wọ̀n rọ̀ sókè rẹ̀. Ẹni tí iye jíjù rẹ̀ bá kéré jù lọ ló borí. Ed Headrick ló ṣètò pápá àkọ́kọ́ tó fìdí múlẹ̀, ní Oak Grove ní California, lọ́dún 1975.

Johan Huizinga, onímọ̀ ìtàn ọmọ Netherlands, ti fèsì kan sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Homo Ludens, tó jáde lọ́dún 1938. Lójú tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pààlà sí ojúbọ náà ni wọ́n ń pààlà sí pápá eré: ìlànà tí àwọn ènìyàn ń pa mọ́ níbẹ̀ ló yà á sọ́tọ̀, kì í ṣe erùpẹ̀. Lọ́dún 1978, onímọ̀ ọgbọ́n orí Bernard Suits ní eré ni kí ènìyàn fínnúfíndọ̀ gba ìdènà tí kò pọn dandan. Òótọ́ ni, torí ẹni tó kàn fẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọ ihò lè fọwọ́ gbé e síbẹ̀. Nínú eré tuntun yìí, kòtò yanrìn tó ń já ẹlẹ́gọ́ọ̀fù láyà kò já mọ́ nǹkan kan, àwo ń fò ó kọjá ni. Igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló wá di ọ̀tá. Ìlànà yí, ilẹ̀ náà sì yí.

Ilẹ̀ àwọn Yorùbá Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, tí Ìyàrá àti Kàbà wà nínú rẹ̀, kò ní gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé tán. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Tápà ń ti Bídà wá kó wọn lẹ́rú, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú Òkun sá sí. Lẹ́yìn tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà lọ́dún 1897, àwọn ará Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibùdó àtijọ́ di igbó, ṣùgbọ́n kò di ilẹ̀ lásán: ẹbọra ń gbé orí òkè, àwọn baba tó kú sì wà níbẹ̀. Huizinga kò lè ṣàlàyé èyí. Kò sí ẹni tó ń ṣe ohunkóhun níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ibẹ̀ kò ṣófo.

Pápá gọ́ọ̀fù àtijọ́ náà kò ṣófo, àmọ́ lọ́nà mìíràn. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ ló to igi, ló gbẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ló tẹ ọ̀nà. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí sì ń ju àwo gba ibi tí ó là sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Èkó: wọ́n kọ́ Tafawa Balewa Square lọ́dún 1972 sórí Race Course, pápá eré ìje ẹṣin, níbi tí wọ́n ti ta àsíá òmìnira lọ́dún 1960. Ẹṣin kankan kò sáré níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ère ẹṣin funfun mẹ́rin ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìrántí lèyí, kì í ṣe ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀.

Àwọn òkú ló mú ìyàtọ̀ wá láàárín orí òkè Òkun àti pápá gọ́ọ̀fù. Nígbà tí Headrick kú lọ́dún 2002, wọ́n po eérú ara rẹ̀ mọ́ oníke, wọ́n sì fi ṣe àwo, gẹ́gẹ́ bí ó ti fẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbà kí wọ́n máa jù ú. Àwọn baba orí òkè kò fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ ro oko tàbí kọ́lé síbẹ̀ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Pápá gọ́ọ̀fù kò ní onílẹ̀ irú èyí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, àwọn alààyè tó ni ilẹ̀ àti àwọn tó ń gbé àyíká rẹ̀ ló yẹ kó bi.