Èsì Tí A Kò Bèèrè Fún

Ká ní ìyá kan láti Òjòkú lọ ṣe Pap test ní Ọ̀fà. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n rí kò jọ ti ibẹ̀, ni wọ́n bá ní kó lọ ya scan. Àṣé kókó ló wà nílé ẹyin. Ọmọ rẹ̀ ló gba èsì. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màámi. Àyà wọn á já."

Ká má tíì dá a lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ṣe bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ la ó sì pè é. Ṣùgbọ́n ta ló ni èsì tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè fún?

Irú èyí kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ilé ẹyin lè gba inú ilé ọmọ sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn rẹ̀. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ ní Johns Hopkins, Amẹ́ríkà, yẹ DNA inú ohun tí wọ́n fi Pap test gbà wò. Lára àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin, ìdá 33 nínú 100 ni wọ́n ti rí àmì rẹ̀. Nítorí náà, Pap test tó dáa kò sọ pé ilé ẹyin dáa.

Ẹnìkan lè ní: bí mímọ̀ ò bá gbani là, kí la fẹ́ sọ ọ́ fún? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ní Ìlú Ọba, obìnrin tó lé ní 200,000 kópa nínú ìwádìí tó ń fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti scan wá jẹjẹrẹ ilé ẹyin. Èsì ọdún 2021 fi hàn pé àyẹ̀wò náà kò dín iye àwọn tí àrùn yìí ń pa kù.

Síbẹ̀, ìyá ló ni ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kókó ilé ẹyin kì í ṣe jẹjẹrẹ. Tí ò bá mọ̀, báwo ló ṣe máa gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ? Tó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ, ó lè fẹ́ pín ilẹ̀ oko, ó lè fẹ́ bá àbúrò rẹ̀ parí ìjà. Ẹni tó fi èsì pamọ́ ti bá a jẹ lára ọjọ́ rẹ̀ láì gbàṣẹ.

Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní kí wọ́n sọ ipò ìlera aláìsàn fún un, ní èdè tó yé e. Ó fàyè sílẹ̀ bí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé sísọ ọ́ kò ní ṣe é láǹfààní. Ìbẹ̀rù ọmọ kì í ṣe ẹ̀rí.

Àwa tó ń kọ sọ́fítíwia máa ń pinnu ẹni tí error máa lọ bá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì náà bi ìyá kó tó mú búrọ́ọ̀ṣì: "Mà, bí a bá rí ohun tí a ò wá, ṣé ẹ máa fẹ́ gbọ́? Ta lẹ fẹ́ kó bá yín gbọ́ ọ?"

Bí ìyá bá ní kí ọmọ òun kọ́kọ́ gbọ́, kò burú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.