Ta Ni Ó Mú Ooru Yìí Wá?

Ẹ̀yin ará, bí òjò bá pẹ́ ní Idigny, wọn a nàka sí ìyá àgbà kan pé òun ló dá a dúró. Irọ́ ni, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni. Èéfín epo àti èédú inú ilẹ̀ tí ilẹ̀ òyìnbó ti ń jó tipẹ́ ló bo ayé bí aṣọ ìbora, tí ooru kò rí ọ̀nà jáde. Ọdún 2024 ló gbóná jù láti 1850. Àwa tí a jó díẹ̀ ni àgbàdo wa ń rọ.

Igi tí à ń gé sun èédú lóko Kétu wá ńkọ́? Ibòòji lọ, kànga wa sì jìn. Ẹni tó ń sun ún, owó iléèwé ọmọ ló ń wá, ẹ má bú u. Bí a bá ní kó dáwọ́ dúró, ta ni nínú wa ni yóò bá a san owó náà?